Àrìnkẹ́ Inú Rédíò

“Ẹ yí i sókè sí i, Pàpá.”

Mísítà Lazarus gbé ojú kúrò lórí àwo òòtì rẹ̀, ó wo Bánkẹ́ bí ẹni tí kò dá a mọ̀. Láti ìgbà tí obìnrin yìí ti ń wá tọ́jú rẹ̀ lórí òkè St. George ní Staten Island, kò sí ọjọ́ tí kì í bẹ̀ ẹ́ pé kó yí rédíò náà wálẹ̀. Ó ní ariwo rẹ̀ ń họ òun létí. Ó tilẹ̀ ti fi tìmùtìmù bò ó rí bí ẹni bo adìyẹ. Òun náà ló wá di ìbọ̀sẹ̀ Pàpá mú lọ́wọ́ kan yìí, tó na ọrùn sí ẹ̀rọ náà.

“Kí ló ṣẹlẹ̀?” ni bàbá náà bi í.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣáà yí i sókè.”

Ó yí i sókè, ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ohùn tó ń jáde ń já, ó ń so, ó ń kùn bí ẹni tó ki orí bọ inú ìkòkò sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Èyí tí Bánkẹ́ ti gbọ́ ti wọ̀ ọ́ létí ná, kò sì sí ohun tó lè yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ mọ́. Ohùn Lékè, ọkọ rẹ̀, ni. Ohun tí ohùn náà sì sọ, ní Yorùbá tó dán, ni pé, “Àrìnkẹ́, di ọwọ́ mi mú.” Kò pẹ́ tí ohùn obìnrin kan fi tẹ̀ lé e, obìnrin náà sì ń rẹ́rìn-ín.

Ẹni tí kò bá mọ ohun tó wà nínú orúkọ yẹn lè béèrè pé kí ni Bánkẹ́ rí tó fi ń dààmú. Àrìnkẹ́ ni oríkì rẹ̀. Ìyá bàbá rẹ̀ ló fi sọ ọ́ ní Abẹ́òkúta, kí ojú rẹ̀ tó là dáadáa. Bí wọ́n bá fẹ́ kó jí lọ pọnmi láàárọ̀, Àrìnkẹ́ ni wọ́n ń pè é. Bí wọ́n bá nà án tán tí wọ́n fẹ́ kó dákẹ́, Àrìnkẹ́ náà ni. Nígbà tí Lékè ń fẹ́ ẹ, kò tíì pè é bẹ́ẹ̀ dé ẹ̀ẹ̀kẹta tí àyà ọmọbìnrin náà fi rọ̀. Ọjọ́ tó pè é bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn ni ọjọ́ tó bí Ọlá, ọmọ wọn kan ṣoṣo. Ẹ̀jẹ̀ ń dà, yàrá ń ṣókùnkùn lójú rẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì ń sáré, ó sì ń gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, “Àrìnkẹ́, Àrìnkẹ́,” títí ojú rẹ̀ fi là padà. Láti ọjọ́ náà, Mummy Ọlá ló ń jẹ́. Ọlá ti wà ní yunifásítì báyìí, ìyá rẹ̀ sì ti gbà pé oríkì òun ti kú sílé.

Àṣé kò kú. Wọ́n ti rí ẹni fún un ni. Ó rí lójú Bánkẹ́ bí ìgbà tí èèyàn bá rí ọkọ rẹ̀ tó ń ká aṣọ òun lórí okùn fún àlè.

Kò sì jìnnà sí i láti mọ ẹni náà. Áńbúláǹsì ni Lékè ń bá ṣiṣẹ́ ní Bronx, òun ni ó máa ń wà lẹ́yìn pẹ̀lú aláìsàn, ẹni tó sì ń wa ọkọ̀ fún un láti ìgbà tí òtútù ti bẹ̀rẹ̀ ni ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Sharon. Brooklyn ni wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Bánkẹ́ ti rí i lẹ́ẹ̀kan. Ó ní irun tó ń dán, ó ní eyín tó funfun, ó sì kí Bánkẹ́ ní “ẹ kaasan ma” bí ẹni tó ń ka nọ́ńbà tẹlifóònù. Ọmọ tí kò lè kí èèyàn kó dùn létí, òun ni wọ́n gbé oríkì olóríkì fún!

“Pàpá,” ni Bánkẹ́ wí, “kí ló dé tí rédíò yín ń já báyìí?”

Sikánà ni wọ́n ń pe irú rédíò náà. Kì í ṣe orin ni wọ́n fi ń gbọ́. Ọ̀rọ̀ àwọn panápaná àti àwọn oníáńbúláǹsì ló máa ń wá kiri lójú òfurufú. Mísítà Lazarus ti fi ọ̀pọ̀ ọdún so okùn ọkọ̀ ojú omi tó ń kó èrò lọ sí Manhattan, títí eékún rẹ̀ fi kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Láti ìgbà tí kò ti lè jáde mọ́, ẹ̀rọ yìí ló fi ń rìn káàkiri ìlú.

“Wọ́n ti yí ètò wọn padà,” ni bàbá náà dáhùn, inú rẹ̀ sì dùn pé ẹnì kan béèrè. “Tẹ́lẹ̀, àdúgbò kọ̀ọ̀kan ló ní òpó rédíò tirẹ̀. Ní báyìí, òpó pọ̀ káàkiri, gbogbo wọn sì ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí wọ́n bá sọ ní Bronx, òpó Brooklyn náà ń sọ ọ́. Rédíò mi ti dàgbà bí èmi. Bí gbogbo wọn bá pè é pọ̀, orí rẹ̀ á dàrú.”

Ó yé Bánkẹ́. Bí ìjọ wọn ṣe ń ka Àdúrà Olúwa nìyẹn: àwọn ará iwájú ti dé “oúnjẹ òòjọ́,” àwọn ará ẹ̀yìn ṣì wà ní “kí ìjọba rẹ dé.” Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ṣùgbọ́n àlejò tó bá dúró ní àárín kò ní í gbọ́ nǹkan kan.

“Ṣebí Daniel ní òun á ra tuntun fún yín?”

Daniel ni ọmọ bàbá náà, New Jersey ló ń gbé. “Mo ní kó má wulẹ̀ dààmú,” ni Pàpá wí. “Ìwọ náà kọ́ lo sọ pé ariwo rẹ̀ yóò pa ọ́?”

“Èmi kẹ̀? Pàpá, ẹ jẹ́ ká rà á.”

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ní ilé wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Grand Concourse ní Bronx, Lékè wọlé, ó bọ́ bàtà sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó jókòó ti oúnjẹ. Bánkẹ́ jókòó kọjú sí i, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ yìí náà ni ẹnì kan dì mú lónìí.

“Báwo ni iṣẹ́?”

“A dúpẹ́.”

“Ta lẹ jọ ṣe é?”

“Sharon náà ni. Ta ni ì bá tún jẹ́?” Lékè rẹ́rìn-ín. “Ọmọ yẹn! Ó gba one-way lónìí, ó kọjú sí gbogbo mọ́tò tó ń bọ̀. Mo ní ‘Sharon, kí lo ń ṣe?’ Ó ní, ‘Uncle, relax, wọn á sá.’”

“Ó máa ń pa yín lẹ́rìn-ín gan-an.”

“Bí kò bá sí ẹ̀rín, iṣẹ́ náà á pa èèyàn ni.” Ó bu ìrẹsì sẹ́nu, ó dáwọ́ dúró. “Mummy Ọlá, ṣé kì í ṣe pé ìrẹsì yìí jóná?”

Ẹ lọ jẹ ti Sharon, ni ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu Bánkẹ́, ṣùgbọ́n ó gbé e mì. Bí òun bá bi í léèrè, òótọ́ tàbí irọ́ ni yóò sọ, òun kò sì ní í mọ èwo ni. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n ojú Lékè ti mọ́ ọn lára jù, kò rí nǹkan kan kà nínú rẹ̀ mọ́. Etí ló fẹ́ fi mú un, níbi tí ọkùnrin náà kò ti mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń gbọ́.

Ohun mìíràn tún wà tí kò tíì sọ fún un. Daniel ń wá ẹni tí yóò máa sùn lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, tí yóò máa wá sílé tirẹ̀ ní ọjọ́ ìsinmi nìkan. Ó ti fi iṣẹ́ náà lọ Bánkẹ́, ó ní kó fún òun lésì kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Bánkẹ́ ti fẹ́ sọ pé rárá, nítorí láti ìgbà tí wọ́n ti ṣègbéyàwó, kò tíì sùn níta fún ọkọ rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n bó ti ń fọ ìkòkò tó jóná náà, ó bá ara rẹ̀ dá májẹ̀mú. Bí òun bá tún gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, tó sì hàn gbangba pé obìnrin kan ló fi ń pè, òun á gbé àpò òun lọ sí Staten Island. Kí ó máa pe Àrìnkẹ́ rẹ̀ lọ. Lálẹ́ ọjọ́ náà ló ti kó aṣọ díẹ̀ sínú àpò, ó gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá.

Àwọn èèyàn a máa sọ pé òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Bánkẹ́ ní ẹran láyà dáadáa, oorun ni kò ní. Bó bá ṣe pé wọ́n máa ń pe áńbúláǹsì fún owú ni, ọkọ rẹ̀ ni ì bá wá gbé e.

Ohun tó kọ́kọ́ rà ni áńtẹ́nà. Ó ní rédíò gbọ́dọ̀ dára, ṣùgbọ́n áńtẹ́nà tí í ṣe etí rẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù. Ó yan èyí tó gùn jù ní ṣọ́ọ̀bù, ó dúró ti ọkùnrin tó wá gbé e sójú fèrèsé Pàpá, ó ń sọ fún un pé, “Gbé e sókè sí i. Sí i.” Nígbà tí wọ́n tan ẹ̀rọ náà, ohun tó jáde burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀ mọ́, bí kò ṣe ìkùn lásán. Gbogbo ọ̀sán ni Bánkẹ́ fi jókòó tì í, tí òòtì Pàpá fi tutù, tí kò rí nǹkan kan mú. Lẹ́ẹ̀kan, ó dá a lójú pé òun gbọ́ ẹ̀rín obìnrin. Ó lè jẹ́ ẹ̀rín, ó sì lè jẹ́ fèrè ọkọ̀.

“O ti bà á jẹ́ fún mi tán,” ni Pàpá wí, kò sì bínú.

Èyí ló gbé Bánkẹ́ dé Harlem ní ọjọ́ tí kì í lọ síbi iṣẹ́, sí ṣọ́ọ̀bù Sherifdeen. Ọmọ Ìbàdàn ni Sherifdeen, ó ń ta fóònù, rédíò àti wáyà láàárín àwọn ará Senegal tí ń ta aṣọ. Ó kéré sí Bánkẹ́ lọ́jọ́ orí, ẹnu rẹ̀ kò sì mọ ìsinmi.

“Àǹtí mi, ta ló ní kẹ́ ẹ ra gígùn yìí?” ló béèrè nígbà tí Bánkẹ́ fi fọ́tò rẹ̀ hàn án.

“Èmi ni. Mo rò pé bó bá ṣe gùn tó ni yóò ṣe gbọ́ tó.”

“Ó kúkú gbọ́. Ó gbọ́ jù ni. Ibo ni bàbá ń gbé?”

“Orí òkè ni. Fèrèsé rẹ̀ kọjú sí omi.”

“Ẹ̀n-ẹ́n! Gbogbo òpó ìlú yìí ló ń rí i níbẹ̀, ẹ wá tún lọ fún un ní etí ńlá. Ẹ gbọ́, Àǹtí. All of them are saying the same thing, àmọ́ èyí yá lọ́nà, ìyẹn pẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ń kọ lu ara wọn nínú rédíò. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ò ní í gbọ́ ìkankan.”

“Kí ni kí n wá ṣe?”

Sherifdeen gbé sikánà méjì sórí káńtà. Ọ̀kan ń tan iná aláràbarà, ojú rẹ̀ ń dán. Èkejì dúdú ṣúú, kò lẹ́wà rárá. Bánkẹ́ na ọwọ́ sí èyí tó ń dán.

“Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ó dáa fún abúlé tí òpó kan ṣoṣo wà. Èyí tí kò lẹ́wà yìí ni wọ́n dìídì ṣe fún irú wàhálà tiyín. Ó mọ bó ṣe ń ya ohùn tó pẹ́ kúrò lára èyí tó yá.” Lẹ́yìn náà ló fa áńtẹ́nà kan yọ láti ẹ̀yìn, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n tò sórí ọ̀pá kan bí egungun ẹja. “Ẹ so eléyìí mọ́ ọn. Ibi tẹ́ ẹ bá kọjú ẹ̀ sí nìkan ló ń gbọ́. Ẹ wá òpó kan, ẹ kọjú ẹ̀ sí i, kẹ́ ẹ kẹ̀yìn sí ìyókù.”

“Ṣé kò sí kékeré,” ni Bánkẹ́ wí, ó ń wo ilẹ̀, “tí èèyàn lè máa fi gbọ́ nínú mọ́tò?”

“Nínú mọ́tò kẹ̀? Àǹtí, òfin ìpínlẹ̀ yìí ò gbà kéèyàn kàn gbé e sínú mọ́tò láìgba àṣẹ o. Ẹ fi sílé.” Ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. “Ẹ dákun, ṣé bàbá ló fẹ́ gbọ́ rédíò ni, àbí ẹ̀yin?”

“Bàbá ni.”

“Bàbá tí ò lè rìn, òun ló fẹ́ máa gbọ́ ọ nínú mọ́tò?”

Bánkẹ́ ṣí báàgì rẹ̀, ó ń wá ohun tí kò sọnù. Sherifdeen bẹ̀rẹ̀ sí i fi bébà wé egungun ẹja náà.

“Ìyàwó mi ní àwọn tó ń ra sikánà, àwọn tó fẹ́ mọ bí ìlú ṣe ń lọ ni,” ló wí, tẹ̀rín-tẹ̀rín. “Mo ní rárá o. Ẹnì kan ṣoṣo ni púpọ̀ nínú wọn fẹ́ gbọ́. Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ rere, Àǹtí mi.”

Bánkẹ́ kò ṣe àmín. Ó gbé ẹrù rẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ kejì, nínú ọkọ̀ ojú omi, gbogbo èrò ló ń yà fún obìnrin tó gbé ohun tí kò dọ́gba mọ́ra bí ọmọ. Òkè ibẹ̀ ga, ó sì mí hẹlẹ kó tó dé ẹnu ọ̀nà Pàpá. Bánkẹ́ tú áńtẹ́nà gígùn yẹn kúrò, ó gbé egungun ẹja sójú fèrèsé, ó so ó mọ́ rédíò tuntun náà, Pàpá jókòó nínú àga rẹ̀ ó ń pàṣẹ bí ọ̀gá ọkọ̀.

“Ọwọ́ ọ̀tún. Rárá, o ti kọjá. Padà díẹ̀.”

Bí ó bá kọjú rẹ̀ sí Manhattan, ohùn á ta kókó. Bí ó bá kọjú rẹ̀ sí New Jersey, á dákẹ́ pátápátá. Níkẹyìn ó yí i sí Brooklyn, ní ọ̀kánkán òpó kan tí orí rẹ̀ ń ṣẹ́jú pupa, ohùn ọkùnrin kan sì jáde gbangba bí ẹni tó wà nínú yàrá pẹ̀lú wọn, ó ń béèrè ọ̀nà sí ilé ìwòsàn kan. Pàpá gbé ọwọ́ lé àyà. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti gbọ́ ìlú báyìí kẹ́yìn.

“Ó yá, Bánkẹ́,” ló wí lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. “Ta là ń wá?”

“Kò sí ẹni tá à ń wá, Pàpá.”

“Ìyàwó mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, máa ń dúró síbi fèrèsé tí o dúró sí yẹn. Ó ní ọkọ̀ lòun ń wò. Mo mọ̀ pé èmi ló ń ṣọ́, bóyá mo ń bá obìnrin sọ̀rọ̀ ní ìdí okùn.”

“Ṣé ẹ ń bá wọn sọ̀rọ̀ ni?”

“Láti ibi tó jìnnà tó yẹn,” ni Pàpá wí, “ọkùnrin tó ń bá obìnrin sọ̀rọ̀ àti èyí tó ń sọ fún un pé kó má já sómi, bákan náà ni wọ́n rí.”

Bánkẹ́ tún áńtẹ́nà náà dì. Ọkùnrin ni ọkùnrin ń gbè lẹ́yìn.

Òjò bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án, omi àti ojú ọ̀run di ọ̀kan náà ní ìta fèrèsé. Bánkẹ́ ń fi òróró pa eékún Pàpá nígbà tó gbọ́ ohùn Sharon. Ọmọbìnrin náà ń sọ pé ojú ọ̀nà Grand Concourse ti dí, pé òun ń gba ẹ̀gbẹ́. Kò rẹ́rìn-ín rárá. Lẹ́yìn náà ni ohùn Lékè wọlé láti ẹ̀yìn ọkọ̀, ó ń fi Òyìnbó ròyìn fún ilé ìwòsàn tí wọ́n ń gbé aláìsàn lọ: ìyá arúgbó kan, mímí rẹ̀ ti rẹlẹ̀, oorun ń gbé e lọ, kò fẹ́ dáhùn mọ́. Àárín ìròyìn náà ló ti yí padà sí Yorùbá. Kò tíì jáwọ́ lára bọ́tìnnì tó fi ń sọ̀rọ̀ sí rédíò.

“Àrìnkẹ́, má sùn. Ṣé o ń gbọ́ mi? Di ọwọ́ mi mú. Àrìnkẹ́! Má lọ o, jọ̀ọ́, má lọ.”

Lẹ́yìn náà, Òyìnbó ló tún kù. Ó ní ìyá náà ti la ojú díẹ̀.

Ọwọ́ Bánkẹ́ dúró lórí eékún Pàpá.

“Kí ló ń sọ?” ni bàbá náà béèrè.

“Ó ń bẹ obìnrin kan pé kó má lọ.”

Inú rẹ̀ ì bá dùn. Ìyá arúgbó ni, kì í ṣe Sharon. Kò sí àlè, kò sí aṣọ tí wọ́n ká lórí okùn. Ìtura náà dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò jókòó kó tó dìde lọ, owú mìíràn sì wọlé jókòó sí àyè rẹ̀. Ẹ wo ìtìjú: ó ń jowú arúgbó tó ń kú lọ. Ohùn yẹn gan-an ló dùn ún. Kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu Lékè láti ọjọ́ tó bí Ọlá. Ó wà níbẹ̀ láti ìgbà yìí wá, ó wà láàyè, kò gbó rárá, inú ọkọ̀ ni Lékè ti ń ná an fún àwọn tí kò mọ̀ rí. Ohun tó bá ṣẹ́kù ló ń gbé wálé: báwo ni, a dúpẹ́, ìrẹsì yìí jóná.

Nǹkan mìíràn sì tún rú u lójú. Lékè tó jẹ́ pé “ẹ” ló máa ń sọ fún ẹni tó bá fi oṣù kan péré jù ú lọ, òun ló ń sọ “di ọwọ́ mi mú” fún ìyá àgbà?

Nígbà tó ń lọ sílé, Daniel fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀, ó ní òun ń retí èsì lọ́la. Bánkẹ́ kà á lórí omi, ó tún kà á nínú ọkọ̀ ojú irin, kò fèsì.

Ilẹ̀ kò tíì ṣú nígbà tí Lékè dé. Ó bọ́ bàtà sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó jókòó ti oúnjẹ.

“Ẹ gbé ìyá àgbà kan lónìí,” ni Bánkẹ́ wí.

Lékè wò ó. “Ta ló sọ fún ẹ?”

“Rédíò Pàpá. Mo gbọ́ yín.”

“Haa.” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n bá níbi tó ti ń kọrin nínú ilé ìwẹ̀. “Ó yè é o. Nígbà tá a fi máa dé, ó ti ń bú Sharon pé ó ń sáré jù.”

“Ará ibo ni?”

“Ghana. Ọmọ ẹ̀ ní Kúmásì ni wọ́n ti wá.”

“Ó gbọ́ Yorùbá?”

“Kò gbọ́ ẹyọ kan.”

“Kí lẹ wá ń pè é ní Àrìnkẹ́ fún?”

Lékè fi ṣíbí sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ nu ẹnu rẹ̀, kò sì sí nǹkan kan níbẹ̀.

“Mi ò mọ̀ pé rédíò ń gbé ìyẹn,” ló wí. “Ẹnu mi ló máa ń yọ ọ́ jáde. Bí wọ́n bá ti ń bọ́ lọ mọ́ mi lọ́wọ́, tí ojú wọn ti ń yí, orúkọ tó máa ń wá nìyẹn. Mo ti pe ọkùnrin bẹ́ẹ̀ rí. Ọkùnrin onírùngbọ̀n! Sharon máa ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní, ‘Uncle, who is this Arinke?’ Mo ní ìyàwó mi ni.” Ó wo àwo rẹ̀. “Orúkọ náà ti ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ìwọ náà mọ̀. Ọjọ́ tó o bí Ọlá. Èmi ò ní oògùn mìíràn.”

Ó wá yé Bánkẹ́. Gbogbo ẹ̀rín tó ti ń gbọ́ nínú rédíò láti ọjọ́ yìí, òun ni wọ́n fi ń rín. Ṣùgbọ́n òjòwú kì í tó bẹ́ẹ̀ yó.

“Gbogbo ayé lẹ ń pè bẹ́ẹ̀,” ló wí. “Èmi tí mo ni ín, Mummy Ọlá.”

“Àwọn tó fẹ́ lọ ni mò ń pè.” Lékè mú ṣíbí rẹ̀ padà, ó tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ bí ọkàn ọkùnrin ṣe máa ń balẹ̀ níwájú oúnjẹ. “Ìwọ, ibo lò ń lọ?”

“Staten Island.”

“Ṣebí ibi iṣẹ́ nìyẹn.”

“Daniel ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ bàbá òun. Kí n máa sùn síbẹ̀. Ọ̀la ló ní kí n fún òun lésì, mo sì ti di ẹrù mi.”

Ṣíbí náà dúró lágbedeméjì. Lékè wo ojú ìyàwó rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá níbi tí etí àpò ti yọ síta, ó tún padà wo ojú rẹ̀. Ó rí i pé kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Ó fi oúnjẹ sílẹ̀, ó na ọwọ́ kọjá lórí tábìlì.

“Àrìnkẹ́,” ló wí.

Bánkẹ́ gbọ́ ọ ketekete, láìsí òpó kankan láàárín wọn. Ó sì ti mọ ohun tí yóò sọ fún Daniel. Ṣùgbọ́n kò tíì dáhùn. Ó fẹ́ kí ó tún un pè.